Ọrun Tó Rọ̀

Nígbà tí igbó ṣì pọ̀ n'Iba, ọdẹ àgbà méjì jókòó tì mí ní ibùdókọ̀ Okokomaiko. Àwọn méjèèjì gbé ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà dání, ṣùgbọ́n èyí tó kéré lọ́jọ́ orí, tó ń pe ìkejì ní ẹ̀gbọ́n, fi aṣọ wé tiẹ̀.

Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọrun bàbá yín dà?"

"Má sọ fẹ́nì kankan o. Ó le jù, èjìká mi ò gbà á mọ́. Èyí tó rọ̀ yìí ni mò ń lò. Mo kàn ní láti yọ́ sún mọ́ ẹran dáadáa ni."

"Ṣé ó ń pa á?"

"Ọ̀yà wo ló ń béèrè bí ọrun ṣe le tó kó tó kú?"

Àbúrò mí kanlẹ̀, ó tú aṣọ ọ̀hún. "Ẹ fa tèmi wò."

Ẹ̀gbọ́n fà á, ó wá wẹ́rẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà?"

"Ó ti pẹ́, ẹ̀gbọ́n. Torí kẹ́ ẹ má baà mọ̀ ni mo ṣe ń fi aṣọ wé e."