Ilé-Ìwé Lo Mú, Ọmọ Ọwọ́ Là Ń Tọ́jú

Jókòó. Mo ní kí o jókòó, ìyàwó rẹ ò ní wá gbà ọ́ sílẹ̀, mo ti rán an lọ ra búrẹ́dì, mo sì ti sọ fún un pé kó má kánjú. Fi fóònù yẹn sílẹ̀. Ìwọ àkọ́bí mi, ìwọ tí mo pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ fi ń gbá mi ní orúnkún, ìwọ lo dúró ní pálọ̀ mi lánàá, níṣojú mi, tí o nàka sí mi bí ẹni ń júwe àga, tí o sọ fún obìnrin ìjọba tó wá yẹ ilé wò pé "Wọ́n kàn ń gbé ibí ni"! Èmi! Wọ́n kàn ń gbé ibí ni! Háà. Ó mà ga o.

Mi ò bínú. Kí n má parọ́ fún ọ, ìbínú ì bá tiẹ̀ sàn. Ara mi kú ni. Látìgbà tí obìnrin náà ti jáde, mo ń fọ abọ́, mi ò mọ̀ bóyá omi gbóná ni tàbí omi tútù. Àbúrò rẹ pè mí láàárọ̀ yìí, ó sọ ọ̀rọ̀ tó pa òun fúnra rẹ̀ lẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣé mo gbọ́ ohun tó sọ ni? O wá ń yọjú wò mí láti ẹnu ilẹ̀kùn, o rò pé mo ń sunkún. Wo ojú mi. Súnmọ́ ibí kí o wò ó dáadáa. Ó gbẹ táútáú.

Kí lo wí? Nítorí ìwé-àṣẹ? Mo mọ̀ pé nítorí ìwé-àṣẹ ni. Jẹ́ ká sọ ti ìwé-àṣẹ náà nígbà náà, torí bí mi ò tiẹ̀ kàwé, etí mi ò di.

Ṣebí inú ilé yìí ni mo jókòó sí jẹ́ẹ́jẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè wa ló kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ wá, ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un di ìrọ̀lẹ́. Aránṣọ ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí i, òun náà gbé tiẹ̀ wá, èyí tí kì í sùn àfi tó bá di etí mi mú. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ bí Ẹlẹ́rìn-ín, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀. Ṣé o mọ bí inú mi ṣe dùn tó? Kò yé ọ, kò lè yé ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa mo ti tẹ́ ẹní, mo ti gbé omi kaná, mo ti fọ gbogbo ìgò mílíìkì, màá wá jókòó síbí, màá máa retí kí wọ́n kan ilẹ̀kùn, bí ìyàwó tuntun tó ń retí ọkọ tó rìnrìn àjò! Òórùn mílíìkì tó máa ń wà lọ́rùn ọmọ ọwọ́ yẹn, lọ́fínńdà wo ló tó o? Ta ló ń tà á?

Àwọn ará ilé yìí wá ní ká gba ìwé-àṣẹ ìtọ́jú ọmọ lọ́wọ́ ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má baà fẹjọ́ wa sùn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo ní kí o bá mi lọ béèrè. O lọ, o bọ̀, orí àga yìí náà lo jókòó sí tí o ti sọ fún mi pé ọ̀nà méjì ló wà, àbí mi ò gbọ́ ọ dáadáa? O ní ọ̀kan wà fún ẹni tó ń tọ́jú ọmọ nínú ilé ara rẹ̀: ọmọ díẹ̀, ọmọ ọwọ́ lè wà láàárín wọn, wọ́n lè sùn sórí ẹní, orúkọ ẹni tó ń tọ́jú wọn ni wọ́n á kọ sínú ìwé. O ní èkejì ni ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi: tábìlì, pátákó ìkọ̀wé, olùkọ́ tó ní ìwé-ẹ̀rí, ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tó sì ti kúrò nínú nápì.

Èwo là ń ṣe nínú ilé yìí? Dá mi lóhùn. Èwo? Afọ́jú tó bá wọlé á mọ̀, imú rẹ̀ á sọ fún un!

O wá lọ mú èkejì. Kí ló dé? Bó bá ń tì ọ́ lójú, èmi á bá ọ sọ ọ́. O ò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ gbọ́ pé ìyá rẹ ń bá èèyàn gbọ́mọ. O fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ilé-ìwé la ní. Kíá lo ti ní kí wọ́n kun pátákó sí ìta, ọ̀dà búlúù, orúkọ rẹ nísàlẹ̀, Alákòóso. Mo rí i, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ mi fẹ́ràn nǹkan ńlá, láti kékeré ni, bàtà bàbá rẹ̀ ló máa ń kó sẹ́sẹ̀, á máa wọ́ ọ kiri ilé wàrà wàrà. Mi ò mọ̀ pé èmi ni bàtà yẹn máa wá tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Má dá mi lẹ́nu dúró. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Obìnrin náà dé. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó níwà. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé, ó fọwọ́ kan omi ẹ̀rọ bóyá ó gbóná jù, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ àga. Ó gbójú sókè, ó rí mi: ọmọ aránṣọ lórí itan mi, ó di etí mi mú, oorun ti ń gbé e lọ; Ẹlẹ́rìn-ín ń fà mí láṣọ; ọmọ nọ́ọ̀sì ń rá lọ sábẹ́ tábìlì tuntun tí o rà. Ó ní, ilé-ìwé ni wọ́n kọ síwájú mi, àwọn wo wá nìyí? Ó ní, Màmá yìí ńkọ́, ṣé olùkọ́ ni wọ́n?

Ẹnu rẹ yá! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. O ní olùkọ́ ń bọ̀ lọ́nà. Olùkọ́ wo? O ní àwọn ọmọ yìí kàn wá kí wa ni. Ọmọ tí ò lè dá jókòó, òun ló wá kí wa? Ó gbé ọkọ̀ wá, àbí ó fẹsẹ̀ rìn? O wá sọ èyí tí o sọ nípa mi. Kò sì tán síbẹ̀, Ọlọ́run ń gbọ́ mi, o wá bẹ̀rẹ̀, o já ọwọ́ ọmọ náà kúrò ní etí mi, o gbé e kúrò lórí itan mi kí ó lè dà bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo ni iṣẹ́ yẹn. Ọmọ figbe bọnu. Mo ń wò ọ́. O ò wò mí.

Etí yẹn ṣì ń gbóná. Nínú gbogbo ara mi, òun nìkan ni mo mọ̀ pé ó wà.

Irọ́ náà tiẹ̀ wá gbà wá bí? Ṣé obìnrin náà gọ̀ ni? Ó ní ilé-ìwé kò gbọdọ̀ gba ọmọ ọwọ́, àti pé ẹni tí kò sí nínú ìwé kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ, kí àwọn ìyá wọn wá kó wọn títí ọ̀rọ̀ á fi lójú. Nọ́ọ̀sì wá gbé tiẹ̀, kò lè wò mí lójú. Aránṣọ gbé tiẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, láàárín abẹ́rẹ́ àti àlùmọ́gàjí! Ṣé o ń gbọ́ igbe yẹn? Òun ni. Láti àárọ̀ ni. Ìyàwó rẹ náà ti ń rọra béèrè ibòmíì tí ìwé wọn pé, ó rò pé mi ò gbọ́. Kó máa gbé Ẹlẹ́rìn-ín lọ! Kí ni màá wá máa jí ṣe láàárọ̀? Kí n máa ka òrùlé?

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ ń wọ́, ọmọ bíbí inú àgbà ló wá di ọwọ́ rẹ̀ mú pé kó má tún un ṣe. Ta ni kí n ro ẹjọ́ yẹn fún? Jẹ́lé-ó-sinmi lo ní o fẹ́, ilé sì ti sinmi. Wo bí orí ẹní ṣe ṣófo.

Àbí kí n máa bá ọ sọ̀rọ̀ bí ayálégbé? Ó dáa. Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá onílé, ṣé mo lè lo ilé ìdáná yín? Ṣé ẹ máa gbà mí láyè kí n sá aṣọ mi? O ń rẹ́rìn-ín. Má rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì ní kí o rẹ́rìn-ín.

Gbọ́ mi. Nígbà tí obìnrin náà ń wọ bàtà rẹ̀, èmi ni mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ìwọ ti sá sínú yàrá. Ó ní Màmá, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ sí ti inú ilé, kò tíì pẹ́ jù, kí ẹ ṣáà pè mí kí n tó fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́. Ó ní wọ́n á yẹ ara mi wò, wọ́n á béèrè ìwà mi lọ́wọ́ àwọn èèyàn, màá lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe ọmọ tí nǹkan há sí lọ́fun. Ṣé mo sọ pé mi ò ní lọ? Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, kí wọ́n tan iná sí mi lójú, ìwájú ni màá jókòó sí níbi ẹ̀kọ́ yẹn, ohun tí mi ò mọ̀ nínú rẹ̀ pọ̀.

Kí ló ń jẹ́ a ti kun pátákó? Yí ojú rẹ̀ sí ògiri! Kí ló ń jẹ́ àwọn tábìlì? Ìwọ lọ jókòó síbẹ̀ kí o máa jẹun!

Gbé fóònù náà. Ìsinsìnyí. Níṣojú mi. Mo sọ pé níṣojú mi.

Ó ń dún? Sọ̀rọ̀ sókè. Kí wọn dáadáa. Ẹ̀n-ẹ́n. Sọ pé a fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Kí lò ń wò mí sí? Kí ni wọ́n bi ọ́? Ta ni yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ náà? Dá wọn lóhùn. Mo ní kí o dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ tó ṣòro kọ́ nìyẹn. Ah-ah. Ah-ah, kí lèyí? Gbé e wá. Gbé e wá, ọmọ mi.

Ẹ káàsán o, ẹ kú iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí ẹ bá lórí àga ni. Rárá o, èmi kì í ṣe olùkọ́, kò sì sí ilé-ìwé kankan níbí. Èmi ni mo ń tọ́jú wọn. Ìwé-àṣẹ ti inú ilé tó kéré yẹn ni ẹ bá wa kọ, ó tó wa. Ẹ ṣeun. Hẹ̀n? Ta ló ń sunkún? Rárá o, a ò gba ọmọ kankan padà kí ẹ tó ní ká gbà á! Ọmọ tèmi ni, èyí tó gbàlejò yín lánàá. Hà hà! Ẹ má kọ tiẹ̀ mọ́ wọn o, ọjọ́ orí rẹ̀ ti ju èyí tí ìwé yín gbà láyè lọ.