Okùn Ara Òkúta

Ní èbúté Igbókọ̀dà, níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ Ugbonla, ọmọbìnrin kan ń fi fọ́tò inú fóònù rẹ̀ han ìyá àgbà tó ń hun ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ìyá, òkúta ayé àtijọ́ ni. Àwọn tó gba orí òkun wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbẹ́ ẹ. Ẹ wo jagunjagun yìí, ẹ wo okùn tó lọ́ mọ́ra yí i ká. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tí n óò fi gboyè pé kò sí àṣìṣe kankan lára rẹ̀."

Ìyá fi ìka tọ okùn náà.

"Ó gba òkè, ó gba abẹ́, ó gba òkè... Dúró ná. Ó tún gba òkè níbí. Ó ti ṣì í."

"Háà! Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ò rí i o!"

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rí i? Kò sí oníbàárà tó dá ẹní padà fún wọn rí."