Ojú Ìwé Tí Oníṣòwò Sanwó Fún

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ohun tí Bólúwají ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn láti gáréèjì Ìkòròdú títí ọkọ̀ fi gbé e dé Ẹ̀pẹ́. Nígbà tó dé ilé Màmá Caroline, tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo tẹ́lẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde.

"Màmá, ẹ̀bi yín kọ́. Èmi ni."

Ó ní nígbà tí òun ń kọ ìwé ìwádìí àṣejáde òun lórí kòkòrò tó ń ba ẹja jẹ́, olùkọ́ òun, Dókítà Ọláwuyì, kìlọ̀ fún òun dáadáa. Dókítà náà ní ìwé ìròyìn dára fún ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú. Magasíìnì àwọn oníṣòwò ń sọ ohun tó wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tajà lè wà nídìí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Jọ́nà, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ni kí òun wò fún ọ̀rọ̀ oògùn. Òun wá inú jọ́nà títí, òun ò rí oògùn kankan. Inú magasíìnì kan lòun ti rí páúdà tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ ẹja. Nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní pé ẹni tó ń ta páúdà ló sanwó fún un. Òun rí i. Ojú òun kò fọ́. Síbẹ̀, òun kọ ọ́ pé inú jọ́nà lòun ti rí i, òun sì wá fi kọ́ àwọn ẹlẹ́ja.

Màmá Caroline rántí. Òun ló bi í lọ́jọ́ tó wá kọ́ wọn pé ta ló dán páúdà náà wò, ọmọkùnrin náà sì dáhùn pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ó fi páúdà náà sára ẹja. Glory, ọmọ rẹ̀, jẹ nínú ẹja náà, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, oyún inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

"Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù." Bólúwají ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ja pèpàdé tí wọ́n bi òun léèrè, òun dìde lójú gbogbo wọn, òun ní páúdà kò lẹ́bi, Màmá Caroline ló bù ú jù. Láti ìgbà náà ni Glory kò ti fẹnu kan oúnjẹ ìyá rẹ̀ mọ́.

Ìyá náà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Mo ti ń wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ apààyàn."

"Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Dìde. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá lè dárí jì ẹ́. Àwọn kan ṣì ń lo páúdà yẹn, a máa lọ bá wọn lọ́jà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Glory la ti máa bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Glory, Bólúwají wo ìyá náà bóyá yóò bá òun kanlẹ̀kùn. Kò nawọ́. Bólúwají kàn án fúnra rẹ̀.