Làpálàpá Ara Òkúta Ààlà

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kí n má mí hẹlẹhẹlẹ, ohun tí ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi fẹ́ ṣe yìí gan-an ni mo ṣe. Ó sì kù díẹ̀ kó gba oko lọ́wọ́ bàbá mi. Nítorí náà, ẹ gbé ọṣẹ yẹn sílẹ̀. Ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀. Bísí, ìwọ ni mò ń bá wí. Òkúta ibojì bàbá mi ò ní sá lọ. Ẹ jókòó.

Kò pẹ́ tí wọ́n fún wa lómìnira ni. Nígbà yẹn, tí òjò bá rọ̀, lọ́rì tó bá ń bọ̀ ní Odò-Ọ̀wà wa yìí, èrò inú rẹ̀ ló máa tì í dé ibẹ̀. Ọ̀nà náà ò tíì sàn títí dòní, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń jókòó sínú mọ́tò tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí yín lójú, ẹ ní ìyà ń jẹ yín.

Ọmọ ìlú wa kan wà tó ń jẹ́ Dàda. Ó lọ sí ìlú òyìnbó, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta. Òkúta o! Ìyá rẹ̀ sunkún. Ó ní, "Ọmọ ẹlòmíì lọ, ó di lọ́yà. Tèmi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ òkúta, nígbà tí òkúta kún ẹ̀yìnkùlé wa!" Nígbà tó dé, Dókítà Òkúta là ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, a ń mu ẹmu, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní níbi tí òun ti kẹ́kọ̀ọ́, yìnyín bo ilẹ̀ rí. Kì í ṣe èyí tó ń já lu páànù o. Yìnyín tó ga ju òkè wa lọ, tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, tó ń ti òkúta níwájú bí ìgbálẹ̀ ṣe ń ti pàǹtí. Nígbà tí oòrùn wá mú, ó fà sẹ́yìn, ó yọ́ lọ, ó fi òkúta tó kó jọ sílẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ òkúta bíi tòun ni kí wọ́n mọ ìgbà tó lọ.

Mo ní, "Dàda, ta ló wà níbẹ̀?"

Ó ní kò sẹ́ni.

"Ta ló rí i?"

Ó ní kò sẹ́ni.

"Àbí yìnyín náà dágbére ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Dàda ò bínú. Ó ní tí yìnyín bá ti ṣí kúrò lórí òkúta, tí oòrùn rí i, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀, roboto, bíi làpálàpá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fẹ̀. Kó tó fẹ̀ tó èékánná, ọmọ á ti dàgbà. Wọ́n á lọ sí itẹ́ òkú, wọ́n á wọn èyí tó wà lára ibojì tí wọ́n kọ ọdún sí, wọ́n á fi mọ bó ṣe ń yára fẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wọn ti ara òkúta yìnyín. Èyí tó bá fẹ̀ jù, òun ló ti pẹ́ jù tí yìnyín ti fi í sílẹ̀.

Mo ní, "Áà, Dókítà! Làpálàpá ló ń ṣe òkúta yín! Ṣé kí n bá ọ já ewé asùnwọ̀n òyìnbó?"

Ẹ ò rí i, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé ilẹ̀ òtútù nìkan ni òkúta ti ń ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Oko bàbá mi wà lẹ́sẹ̀ òkè. Bàbá Àjàyí, tí òun náà wà níbi ẹmu ọjọ́ yẹn, ni aládùúgbò wa lóko. Òkúta kan dúró gẹ́gẹ́ bí ààlà. Bàbá mi ní, "Bàbá mi àgbà ló rì í mọ́lẹ̀, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ìlú yìí." Bàbá Àjàyí ní irọ́ ni, pé àná-àná yìí la rì í, pé òkúta ààlà tòótọ́ wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo iṣu wa àti kọfí wa di tirẹ̀. Kí la ó jẹ? Bàbá mi ò sùn dáadáa mọ́.

Ẹjọ́ náà sú kábíyèsí. Wọ́n ní, "Dàda, ìwọ tó mọ ìgbà tí yìnyín kúrò nílùú onílùú, wá sọ ìgbà tí òkúta dé ìlú tìẹ."

Ó ku ọ̀la kí wọ́n wá wò ó. Mo gbé kànhìnkànhìn, mo gbé ọṣẹ dúdú, mo bu eérú, ó di oko. Kí ló dé? Ẹlẹ́rìí wa ni òkúta yẹn! Ìyá mi máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá gbé ìdọ̀tí dé ààfin, ẹjọ́ rẹ̀ ti dọ̀tí." Nílé wa, a kì í lọ síwájú ọba láì wẹ̀. Mo fọ òkúta náà. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn mí lórí. Ó ń dán bí ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun. Ó wá ku ẹ̀yìn rẹ̀. Wèrèpè ti gun ibẹ̀. Mo wo wèrèpè, wèrèpè wò mí. Mo ní, ta ló máa wo ẹ̀yìn? Mo lọ sílé lọ jẹun.

Ọjọ́ pé. Àwọn àgbà ààfin dé, Dàda mú rúlà dání. Ó lóṣòó ti òkúta. Ó fọwọ́ kàn án. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló fi ọṣẹ wẹ òkúta yìí?"

Mo nàró. "Èmi ni! Kí ẹ lè rí i dáadáa ni."

Dàda fọwọ́ bojú. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yín ti pa ẹlẹ́rìí yín. Làpálàpá tí mo fẹ́ wọn ló fọ̀ dànù."

Bàbá Àjàyí rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ọmọ tuntun ni! Ẹ kú ewu ọmọ o! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́ tán!"  Bàbá mi kàn wò mí. Ì bá nà mí, ìyẹn ì bá sàn.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi òkúta tí Bàbá Àjàyí ń wí lẹ́bàá odò. Háà! Àmì funfun roboto-roboto kún ara rẹ̀, ó rí bí ara ẹyẹ ẹtù. Dàda fi itọ́ sí àtàǹpàkò, ó fi ra ọ̀kan. Ó parẹ́.

"Ẹfun ni."

Bàbá Àjàyí ní, "Èé ti rí? Òjò ló gbé e wá."

Àgbà kan ní, "Òjò wo ló ń fi ìka kun ẹfun?"

Èmi náà bú sẹ́rìn-ín, bàbá mi sì tún wò mí. 

Àwọn àgbà wá ní kò sí ẹlẹ́rìí fẹ́nì kankan, àwọn yóò pín ilẹ̀ náà sí méjì. Wọ́n ti ń gbọn aṣọ dìde. Ibẹ̀ ni mo ta gìrì.

"Ẹ dúró! Mi ò wẹ ẹ̀yìn rẹ̀!"

Dàda ní, "Kí ló dé tí o ò wẹ̀ ẹ́?"

Ṣé kí n jẹ́wọ́ ọ̀lẹ níwájú gbogbo wọn? Mo jẹ́wọ́. "Wèrèpè ni."

"Ó dáa. Ìwọ náà ni kó o ká a kúrò."

Ọwọ́ lásán ni wọ́n ní kí n fi ká a. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi họra bí ajá tí ifọ́n bò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òkúta yẹn... làpálàpá kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

A gba itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Òkúta òkè wa kan náà ni wọ́n fi ṣe ibojì katikíìsì wa àkọ́kọ́. Dàda wọn tibẹ̀. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ ìgbà tí ibojì yìí ti wà?"

Ó nàka sí i. "Wọ́n kọ ọdún rẹ̀ síbí. Kà á."

Gbogbo wọn wò mí. Mi ò lè kà á. Bàbá Àjàyí náà ò lè kà á, síbẹ̀ ó fi mí rẹ́rìn-ín!

Dàda sọ fún kábíyèsí pé òun ò mọ ọdún òkúta ààlà náà gan-an. Ohun tí òun mọ̀ ni pé ó ti dúró síbẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó sin katikíìsì. Oko wa di tiwa. Bàbá mi ní, "Ọlọ́run ló fi ìwà ọ̀lẹ gbà wá lọ́wọ́ ìwà aápọn ọmọ yìí."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo mú èédú, mo lọ jókòó sí itẹ́ òkú, mo ń da àwọn lẹ́tà ara òkúta kọ sílẹ̀. Mo ti ní ìyàwó, mo ti ní ọmọ. Àwọn ọmọ iléèwé ń fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin ní tísà, ẹ ní ìwé aláwòrán. Ibojì ni ìwé ABD tèmi. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà láyé mi ni "Sùn re o".

Ẹ wá wo òkúta bàbá mi yìí. Ẹ wo èyí tó ṣe roboto níbí. Lọ́jọ́ tí a gbé e síbẹ̀, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Mo ti ń wò ó láti ìgbà náà. Ẹ̀yin dé lánàá, ẹ ní ó dọ̀tí. Ayé ìsinsìnyí, kí nǹkan ṣáà ti máa dán...

Tí èmi náà bá yọ́ lọ bíi yìnyín Dàda, ẹ gbé òkúta lé mi. Ẹ kọ orúkọ mi, ẹ kọ ọdún mi, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Bísí, fi omi yẹn fọ mọ́tò yín, òun ló dọ̀tí. Kí ẹ sì gbin wèrèpè yí mi ká, nítorí ọmọ aláápọn.