Omi Àlùwàlá Lórí Àgbàdo Faridah

Ẹ jẹ́ kí n tú u jáde, kí n lè rí oorun sùn. Èmi Tàjúdéènì, tí àwọn awakọ̀ Ìyànà Ìbà ń sá fún nígbà tí mo wà ní gáréèjì, èmi ni mo ba iṣẹ́ Faridah jẹ́. Àánú ni mo sì fi bà á jẹ́.

Nígbà tí agbára mi ò gbé gáréèjì mọ́, wọ́n gbà mí láti máa ṣọ́ àgbàdo inú ike ní ọgbà ìwádìí kan lẹ́yìn Ìbà. Faridah ló ni àgbàdo náà. Òun ló fẹ́ fi gba oyè ní yunifásítì. Ó po àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú ò lè rí mọ́ iyẹ̀pẹ̀ apá ọ̀tún, kò po nǹkan kan mọ́ tòsì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fún wọn lómi mọ́, kóun lè mọ̀ bóyá àwọn kòkòrò náà máa ran gbòǹgbò lọ́wọ́ láti fara da ọ̀dá. Mo ní mo ti gbọ́. Etí lásán ló gbọ́.

Ewé apá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ká bí ẹní. Ọkàn mi ò gbà á. Mo gbé bútà mi, mo ṣàlùwàlá lórí wọn, mo sì ń sọ fún ara mi pé àlùwàlá kì í ṣe ìbomirin. Nígbà tó yá, mo ń ṣàlùwàlá fún ìrun tí àsìkò rẹ̀ ò tíì tó. Mùsítúrà ìyàwó mi rí mi. Dípò kó bá mi wí, ó gbé bútà tiẹ̀ dé.

Bí apá òsì ṣe dúdú minimini nìyẹn. Dókítà Ọlábọ̀dé, ọ̀gá Faridah, wò ó títí, ó ní kòkòrò wọ̀nyẹn ò wúlò, nígbà tí apá tí kò ní wọn náà fara da ọ̀dá, kí ọmọ náà da gbogbo rẹ̀ nù. Faridah ń sunkún. Èmi òṣìkà ń pàrọwà fún un pé kó gba kádàrá, bútà sì wà lábẹ́ àga mi, omi ṣì ń kán lẹ́nu ẹ̀.

Ìgbà tó gbé ike àkọ́kọ́ láti lọ dà á nù ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tí mo lè bí, mo jẹ́wọ́. Dókítà yíjú sí apá ọ̀tún, ó bi mí pé:

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò fún apá ọ̀tún lómi?"

"Wọn ò jọ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ọ̀gá. Ewé wọn ò ká rárá."

Faridah gbé ike náà sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà lójú ẹ̀.

Ó ti ń tún gbogbo rẹ̀ gbìn báyìí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, àti lọ́wọ́ Ọlọ́hun, nítorí gbogbo àlùwàlá tí mi ò fi kírun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ má bomi rin nǹkan, ẹ gbé bútà yín jìnnà síbẹ̀. Tèmi wà lọ́wọ́ Faridah. Bí àsìkò ìrun bá tó, òun ló ń bá mi gbé e dé ẹnu géètì, á sì dúró tì mí títí màá fi ṣe tán.