Fìlà Bọ̀dá Titus Kò Dé Orí Omi

Èmi Mákánjúọlá, ará Williamsbridge ní Bronx, ni mo jọba ní Hoi An, ìlú àtijọ́ kan ní Vietnam. Ẹja inú odò ibẹ̀ ń yọ orí síta láti kí mi ní kábíyèsí, oòrùn ò sì gbọdọ̀ wọ̀ bí mi ò bá tíì jẹun tán. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn. Òtítọ́ tó wà nínú rẹ̀ ò ju pé mo dé fìlà kan lọ, fìlà ọ̀hún gan-an kì í sì í ṣe tèmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, kí n tó tún fi irọ́ mìíràn bò ó.

Bọ̀dá Titus, ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ló ni fìlà. Pápákọ̀ òfuurufú JFK ló ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú títí ó fi kú. Ó kó ẹrù àwọn tó ń lọ gbogbo ayé, òun ò sì lọ ibì kan ju Abẹ́òkúta lọ. Àwòrán Hoi An wà lára kàlẹ́ńdà kan tó gbé kọ́ sí ilé ìdáná wọn ní Springfield Gardens, odò kan báyìí, pẹ̀lú àtùpà oníbébà tí wọ́n tàn sórí omi. Ọdún kàlẹ́ńdà náà ti parí tipẹ́, kò yọ ọ́. "Ibẹ̀ ni màá ti sinmi tí mo bá fẹ̀yìntì," ló máa ń wí. Ikú ò jẹ́ kó fẹ̀yìntì. Àwòrán yẹn ló fa ojú èmi àti Àrìnkẹ́ ìyàwó mi mọ́ra. Nígbà tí Àǹtí Doyin, opó rẹ̀, gbọ́ pé a ń lọ, ó fi abetí ajá tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn jù lé wa lọ́wọ́. "Ẹ bá mi gbé e lé orí omi, kẹ́ ẹ tan iná sínú ẹ̀. Tó bá ti lọ, èmi náà á lè sùn."

A gbádùn ara wa níbẹ̀. Ògiri ilé wọn rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Kọfí wọn á máa kán tó, tó, tó sórí mílíìkì nísàlẹ̀ ife, a ó sì jókòó máa wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Àrìnkẹ́, tó ti ń tọ́jú arúgbó láti ìgbà tó ti dé Amẹ́ríkà, sùn débi pé mo rò pé wọ́n ti bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ara mi ò wá gbà á mọ́. Mo gbé fìlà dé, mo sì sọ fún ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì pé ọba ni mí nílẹ̀ wa.

"Ọba wo?" Àrìnkẹ́ bi mí. "Ọba tó ń sá fún eku ní subway?"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìròyìn ọba ti dé etídò. Bàbá arúgbó kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn ní ká wá wọ tòun. Bí mo ṣe rí ewú orí rẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé mú mi. Ta ló ń dé fìlà kí àgbà? Mo ṣí i, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú níwájú, mo tẹríba. Mi ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń fúnni lẹ́bùn níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹríba jù mí lọ, ó gbé e dé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

"Gbà á padà," Àrìnkẹ́ sọ ní Yorùbá, ó ń rẹ́rìn-ín sí bàbá.

"Báwo ni màá ṣe gba fìlà lórí àgbàlagbà?"

"Bí o ṣe gbé e fún wọn náà ni."

Mo lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ọba tó bá gba ẹ̀bùn padà, àṣírí rẹ̀ tú. A wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá ń tukọ̀ lọ, fìlà Bọ̀dá Titus wà lórí rẹ̀, etí kan sókè, èkejì nílẹ̀.

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni. Àmọ́ nígbà tí a padà dé, mo sọ fún Àǹtí Doyin pé fìlà náà lọ bí ọkọ̀ ìjọba, ẹgbẹ̀rún pẹ́pẹ́yẹ sì ń sìn ín lẹ́yìn. Àrìnkẹ́ ń wo ilẹ̀; mo ti bẹ̀ ẹ́ kó má sọ̀rọ̀. Àǹtí sunkún, ó dúpẹ́, ó sì sùn lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ fídíò rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá ṣìkà. Mo ra abetí ajá kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Grand Concourse, mo wọ inú Bronx River dé orúnkún, mo tan àbẹ́là sínú fìlà, mo ń yà á. Mo wò ó lórí fóònù, ó dára lójú mi, mo fi ránṣẹ́. Opó tó fọkàn tán mi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kì í ṣe ẹni tá a jọ ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ ìrántí ọdún kan, Àǹtí pe ẹbí àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé fídíò náà sórí tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Ohùn tí fóònù mi gbé mì, tẹlifíṣọ̀n pọ̀ ọ́ jáde. Fìlà ń lọ, iná ń jó, àwọn màmá ń nu ojú, ni ohùn Luz, ará Puerto Rico tó ń gbé lókè ilé wa, bá dún lédè òyìnbó láti orí afárá: "Mákánjú, kí lò ń wá nínú Bronx River? Jáde, omi yẹn dọ̀tí."

Àǹtí dá fídíò dúró. Kò pariwo. "Mákánjú, fìlà ọkọ mi dà?"

Irọ́ sáré wá sí mi lẹ́nu bí ẹyẹ tó rí àgbàdo. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. "Ó wà lórí bàbá arúgbó kan ní Hoi An, mà. Ó ń dé e tukọ̀ lórí odò yẹn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ Àǹtí Doyin, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, nítorí èmi ò dúró bẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo gbà jáde, nínú bàtà ẹni ẹlẹ́ni, mo forí lé ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ohùn rẹ̀ dún lẹ́yìn mi láti inú pálọ̀. Bóyá ẹkún ni, bóyá ẹ̀rín ni, mi ò dẹsẹ̀ gbọ́ ọ.