Ìyá Ọkọ Tí Kò Lè Dá Yí Ara Rẹ̀

Lọ́dún tí a kó dé Festac, níbi tí a ti tò fún omi, mo gbọ́ tí ìyàwó ilé kan ń bá ìyá àgbà iwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣé gan-an, Mà. Mò ń yí ìyá ọkọ mi sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ṣe kọ́ mi. Tó bá jókòó, mo máa ń fi tìmùtìmù sí i nídìí. Egbò tí ìdùbúlẹ̀ dá sí i nídìí yẹn ti ń jiná."

"Ọlọ́run ṣeun! Ṣé ó ṣì ń kígbe tó o bá fọwọ́ kàn án?"

"Rárá o. Láàárọ̀ yìí ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, 'Ìyàwó mi, ara mi ti padà di tèmi.'"

Ìyá àgbà náà sún korobá rẹ̀ sẹ́yìn. "Kọ́kọ́ pọn tìẹ, kó o tètè lọ yí màmá."